Kò Sẹ́ni Tó Lé Mi

Kò sí ọ̀gá kan tó lé mi níṣẹ́ rí. Ẹ lọ bi wọ́n. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Lapaz nínú Ákírà níbí, ẹ gba Alajo kọjá, kí ẹ wá parí rẹ̀ sí Odawna, ohun kan náà ni gbogbo wọn máa sọ fún yín: "Ọmọ Ààfáà? Háà, ọmọ dáadáa ni o! Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun ń lọ." Òótọ́ ni wọ́n sì ń sọ. Òótọ́ yẹn gan-an ló ba ayé mi jẹ́.

Nítorí bàbá mi ni wọ́n ṣe ń pè mí ní Ọmọ Ààfáà. Ṣakí ni bàbá mi ti wá. Ó wọ Gáná nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ó jókòó sí Alajo, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Alajo yẹn náà ni wọ́n bí mi sí. Àwọn ará Gáná ń pè wá ní Alátà, wọ́n ń pè wá ní Ànàgó, ìyẹn ò dùn wá. Yorùbá la ń sọ nínú ilé. Tí mo bá ti fẹsẹ̀ kan ìta, Twi ni, Gáà ni, Haúsá ni. Bàbá mi kì í ṣe oníwàhálà, àmọ́ nǹkan kan wà tí kì í fi ṣeré rárá: ọmọ rẹ̀ ò gbọdọ̀ dúró síbi tí wọn ò ti fẹ́ ẹ mọ́. Á ní, "Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odidi." Nígbà tá a wà ní kékeré, tá a bá lọ kí èèyàn, tí onílé bá ti ní "ilẹ̀ mà ti ń ṣú o," bàbá mi ti dìde nìyẹn, ó ti ń wá bàtà. Àwa ọmọ rẹ̀ kì í ráyè jẹ ẹran onílé tán.

Ẹni tí ò bá gbé láàárín wa ò lè mọ bá a ṣe ń ṣe é. Àwa Yorùbá tá à ń ṣòwò ní Ákírà, a kì í lé èèyàn níṣẹ́. Ìtìjú ni. Ọ̀gá tó jẹ́ ọmọ Gáná lè là á mọ́lẹ̀ fún ẹ pé má wá lọ́la mọ́, kó sì tán síbẹ̀. Àwa kẹ̀? Ta ló fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ pé òun lé ọmọ Yorùbá bíi tòun, ní ìlú onílùú? Nítorí náà wọn ò ní lé ẹ. Wọ́n á kàn máa ṣe é díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa yé ẹ. Ìwọ lo máa wá sọ pé o fẹ́ sinmi. Àwọn á ní, "Háà, kí ló dé?" Wọ́n á ṣe bí ẹni pé ó yà wọ́n lẹ́nu, wọ́n á gbàdúrà fún ẹ, wọ́n á fi nǹkan lé ẹ lọ́wọ́, ó parí. Ohun tó sì sábà máa ń fà á ni pé ará ilé ti dé. Àbúrò ọ̀gá ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti Ọ̀ffà, kò níṣẹ́, kò mọ ẹnì kankan, kò gbọ́ èdè. Ta ni yóò dìde fún un? Èmi tí wọ́n bí síbí ni. Wọ́n gbà pé èmi ò lè ṣàìríṣẹ́.

Ọ̀gá mi àkọ́kọ́ ń ta ike ní Lapaz, etí títì gan-an: korobá, abọ́, àga. Èmi ni mo ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo ń tì í. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ dé, ọ̀gá ní, "Ọmọ Ààfáà, kọ́kọ́rọ́ yìí mà wúwo, jẹ́ kí àbúrò mi máa bá ẹ mú un dání." Kọ́kọ́rọ́! Kí ló wúwo lára kọ́kọ́rọ́? Mo rẹ́rìn-ín, mo yọ ọ́ fún un. Kò pẹ́ tí mo fi lọ sọ fún ọ̀gá pé ó ń rẹ̀ mí.

Mo tún bá obìnrin kan tó ń ta híjáàbù nítòsí Circle ṣiṣẹ́. Ìyẹn wò mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "O ti tó ẹni tó ń dá dúró o, ọmọ yìí." Mo wo ara mi lókè nílẹ̀, mi ò rí ohun tí mo fẹ́ fi dá dúró. Àmọ́ mo gbọ́ ohun tó sọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀gá ẹlẹ́ja yìnyín ní Alajo, tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ ti jọ ń gbé páálí ẹja láràárọ̀ títí ọwọ́ wa fi ń kú tìpì, ṣàdédé fa àga fún mi lọ́jọ́ kan. Ó bu omi tútù fún mi, ó bi mí nípa àlàáfíà bàbá mi. Wọ́n ti ń ṣe mí lálejò nìyẹn. Mo mu omi náà tán, mo dúpẹ́, mo lọ.

Àmọ́ Àlàájà Odawna, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ dùn mí dé eegun. Aṣọ ọmọdé ló ń tà. Ìyá mi ti kú kí n tó dàgbà; òun ni mò ń pè ní Màámi. Nígbà tí ìgbéyàwó mi tú ká, tí mi ò sì bímọ kankan síbẹ̀, òun ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fá ẹ̀kọ sẹ́nu mi nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń ní, "Jẹun, Ọmọ Ààfáà, ọkùnrin ò lópin." Mo pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ju tàwọn yòókù lọ. Ọkàn mi balẹ̀ síbẹ̀. Kódà nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dé láti Ọ̀ffà, èmi ni mò ń kọ́ ọ ní Twi tí wọ́n fi ń nájà. Òmùgọ̀ ni mí! Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí oníbàárà kankan tó dé, Àlàájà fa àǹkárá kan yọ, èyí tó dáa, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. "Ibi tí ò ń lọ á dára fún ẹ. Ọ̀nà rẹ ò ní dí. O ò ní kábàámọ̀." Èmi náà ń ṣe àmín, mò ń ṣe àmín, kó tó wá sọ sí mi lọ́kàn pé mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mò ń lọ síbì kankan. Ẹkún ni mo sun dé Circle lọ́jọ́ yẹn.

Kò tíì pẹ́ tí ìyẹn ṣẹlẹ̀ ni onílé wa kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ta ilé náà, ẹni tó rà á ní òun fẹ́ wó o, ká kó jáde. Ẹ̀yin náà mọ Ákírà. Kí onílé tó fún ẹ ní yàrá kan, á gba owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò níṣẹ́, bàbá mi ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti ń bàìbàì, àwọn ọmọ kéwú tó kù lọ́dọ̀ rẹ̀ ò sì ju bíńtín. Àbúrò rẹ̀ ń pè láti Ṣakí, ó ń ní, "Ẹ gbé ẹ̀gbọ́n mi wá sílé." Bàbá mi ò fẹ́. Kò fi bò fún mi. Ó ní, "Ta ni mo mọ̀ ní Ṣakí mọ́? Àwọn ẹgbẹ́ mi ti kú tán, àwọn tó kù ò mọ̀ mí. Ibi tí ìyá rẹ sùn sí ni kí ẹ tẹ́ mi sí." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni ń bèèrè omi mímu. Mo ṣèlérí fún un pé kò ní lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ nípa iṣẹ́ ilé ìwé. Àlàájì kan, Yorùbá bíi tiwa, ló dá ilé ìwé sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yìn Lapaz, wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń kọ́ Lárúbáwá. Wọ́n ń wá obìnrin tí yóò máa tọ́jú ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí: aṣọ àwọn ọmọ, ìwé wọn, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n fi ń dáná. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n bá gbà máa ní yàrá lẹ́yìn ilé ìwé náà. Yàrá! Mo ti rí i lọ́kàn mi pé bàbá mi jókòó síwájú ẹnu ọ̀nà yẹn, tó ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ tó ń ké kéwú, tó ń tún un ṣe fún wọn láti orí àga rẹ̀. Mo sọ fún un. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ní kí n lọ ra wàáṣé wá, ìrẹsì ẹlẹ́wà àwọn ará Gáná.

Àwọn méjì ló fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, Àlàájì àti ọ̀gá àgbà ilé ìwé náà, obìnrin ọmọ Gáná kan tí wọ́n ń pè ní Mádáàmù. Obìnrin náà ò burú o. Gẹ̀ẹ́sì ló fi bi mí níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, mo kà á fún un. Ó ní kí ló dé tí mo fi kúrò ní Lapaz. Mo ní ó rẹ̀ mí ni, mo fẹ́ sinmi. Nítòsí Circle ńkọ́? Mo ní mo fẹ́ gbìyànjú láti dá dúró.

Ó ní, "Ṣé o wá dá dúró?"

 Ó bi mí nípa Alajo, mo ní àsìkò ló tó. Ó bi mí nípa Odawna, mo tún ní àsìkò ló tó. Mo ń gbọ́ ara mi, ojú ń ti èmi fúnra mi. Àmọ́ kí ni kí n sọ? Kí n ní wọ́n lé mi? Wọn ò lé mi. Kí n ní wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi? Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún létí, bíi ti olè. Kí n ní wọ́n gbàdúrà fún mi, mo bá lọ? Ṣé wọn ò ní rò pé orí mi ti dàrú? Ohun tí gbogbo Yorùbá inú Odawna máa gbọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀, mi ò rí Gẹ̀ẹ́sì tí mo lè fi sọ ọ́ fún obìnrin yẹn.

Mádáàmù gbé bíírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ibi mẹ́rin, ìwọ lo sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó máa dúró la ń wá níbí. Tá a bá kọ́ ẹ níṣẹ́ tán, tó o tún ní ó rẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

Mo ní, "Mo máa dúró. Ọlọ́run gbọ́, mo máa dúró."

Ó ní gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Àlàájì ló gbà mí sílẹ̀, àbí ohun tí mo rò nìyẹn. Ó ní òun mọ Àlàájà Odawna, ẹ jẹ́ ká bi í léèrè. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Màámi ni! Ó pè é lórí fóònù, ó sì ṣí i kí gbogbo wa lè máa gbọ́. Hẹ́ẹ̀, ẹ bá gbọ́ ìyìn! Àlàájà ní ọwọ́ mi mọ́, ó ní mi ò bú oníbàárà rí, ó ní ká ní òun bí mi lọ́mọ ni, òun ì bá máa fi mí yangàn. Àlàájì ń túmọ̀ rẹ̀, Mádáàmù ń mi orí. Mádáàmù wá ní kó bi í ní ohun kan péré: ṣé òun ló ní kí n máa lọ, àbí èmi ni mo fi òun sílẹ̀?

Mo gbọ́ ariwo ọjà nínú fóònù náà. Mo gbọ́ ohùn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń dá oníbàárà lóhùn. Mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù kún.

"Rárá o!" Ohùn Àlàájà gba gbogbo yàrá. "Èmi kẹ̀? Ọmọ Ààfáà ni mo máa lé? Kí n wá sọ kí ni fún Ọlọ́run? Òun ló ní òun ń lọ. Mo tilẹ̀ gbàdúrà fún un."

Mi ò mọ̀gbà tí mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́."

"Háà, ọmọ mi, ṣé o wà níbẹ̀ ni? Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá ńkọ́? Sọ fún wọn fúnra rẹ. Ṣé mo lé ẹ?"

Àlàájì ń wò mí. Mádáàmù ń wò mí. Gbogbo Odawna ń gbọ́ wa. Ẹni tó fá ẹ̀kọ sí mi lẹ́nu nígbà tí mi ò lè jẹun, ṣé kí n wá dójú tì í níwájú èrò? 

Mo ní, "Rárá, Màámi. Ẹ ò lé mi."

Àlàájì pa fóònù. Ó jẹ́ Yorùbá, ó mọ bá a ṣe ń ṣe é. Ó ṣeé ṣe kí òun náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan rí. Ó wo ojú mi, ó wá gbé ojú kúrò. Ó ní, "Ọmọ Ààfáà, Ọlọ́run á ṣọ̀nà ire fún ẹ níbi gbogbo tó o bá yà sí." Níbi gbogbo! Mo ti dìde kó tó ṣe tán.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo gbọ́ pé wọ́n ti gba obìnrin kan tó ti wà níbi iṣẹ́ kan ṣoṣo látìgbà èwe rẹ̀, ó sì ti kó wọ yàrá náà. Mo wọ bọ́ọ̀sì tirótíró, ó di Odawna. Àlàájà rí mi, ó ta gìrì, ó ní kí wọ́n bá mi ra Fáńtà.

Mo ní, "Mi ò mu, Màámi. Wọn ò gbà mí."

"Háà! Pẹ̀lú bí mo ṣe yìn ẹ́ tó yẹn?"

"Ẹ yìn mí. Ẹ sì ní èmi ni mo fúnra mi lọ."

"Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni?"

Inú bí mi. Ẹ má purọ́ fún mi, ẹ̀yin náà, inú á bí yín. Mo ní, "Màámi, ẹ gbàdúrà ọ̀nà fún ẹni tí kò rìnrìn àjò! Níbo lẹ rò pé mò ń lọ? Ta ló ń dúró dè mí?" Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹrí ba sórí ṣòkòtò ọmọdé tó ń ká. Àlàájà jókòó wọ̀ọ̀ sórí àpótí. Ó ní ojú mi ló ń ti òun, òun ò lè yanu sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n òun ló bí ọmọ náà, wọ́n jọ mu ọmú kan náà ni. Mo sọ fún un pé mi ò bínú pé ó mú ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ lẹ́nu rẹ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn, ó sì fi ìyìn dípò rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, èmi náà ń sunkún, àwọn oníbàárà ń wò wá. Ó ní òun á pe Àlàájì padà. Mo ní kó má pè é mọ́, wọ́n ti fún ẹlòmíì ní yàrá.

Nígbà tí mo délé, mo rò gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ́kọ́rọ́ Lapaz. Bó ṣe ń gbọ́ ni tẹ̀sùbáà rẹ̀ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé òun náà ò mọ̀ ọ́n? Èmi tí mo gbọ́n, mo ti ń sọ fún un láti ọjọ́ yìí wá pé ó rẹ̀ mí ni, pé àsìkò ló tó. Mi ò fẹ́ kó rò pé wọn ò fẹ́ ọmọ rẹ̀ mọ́.

Ó ní, "Gbogbo ìrun àárọ̀ ni mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó fún ọ ní ìfarabalẹ̀. Mo rò pé ìwọ ni kì í dúró." Ó nu ojú rẹ̀. "Dárí jì mí."

Mo ní, "Kí ni mo fẹ́ dárí rẹ̀ jì yín, Bàbá?"  Ó na ọwọ́, ó ń wá orí mi láti gbé e lé.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Lapaz ní kí n wá máa sùn lọ́dọ̀ òun. Yàrá kan ni, òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi nílẹ̀. Kò síbi tí bàbá mi lè nà sí níbẹ̀. Mi ò sọ ìyẹn fún bàbá mi. Mo kàn sọ pé ọ̀rẹ́ mi ti ní kí n máa bọ̀, mo sì ń ká aṣọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun, bàbá mi ní ilé ń wu òun. Ó ní òun lálàá Ṣakí, ó ní atẹ́gùn ibẹ̀ máa dáa fún ojú òun. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kéwú, ó sọ ọ́ fún àwọn àgbà ní mọ́ṣáláṣí, ó ní ó ti pẹ́ tó ti ń wu òun láti lọ wo ilé. Wọ́n bá a yọ̀. Wọ́n gbàdúrà fún un.

Mo gbé báàgì rẹ̀ dé ibùdókọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ṣé mo lè máa lọ?" Ohun tó yẹ kí n sọ ni, "Bàbá, ẹ má lọ." Ó wà lórí ahọ́n mi. Àmọ́ tó bá ní ó dáa, òun ò lọ mọ́, níbo ni mo fẹ́ tẹ́ ẹní sí fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọrùn agbádá rẹ̀ ṣe. Ó dúró díẹ̀ kí n lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí mi ò sọ ọ́, ó fọwọ́ pa mí léjìká, ó gun bọ́ọ̀sì.

Ṣakí ni wọ́n sin ín sí, ọyẹ́ ọdún yẹn ò tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ará Alajo wá kí mi nílé ọ̀rẹ́ mi. Àlàájà Odawna náà wá, ó jókòó tì mí. Wọ́n ń tù mí nínú pé bàbá mi ṣoríire, pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ni Ọlọ́run ń jẹ́ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn délé, pé ẹ wò ó, òun fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ lọ. Àlàájà di ọwọ́ mi mú gírígírí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ló ní òun ń lọ.